Gólì Tó Kí Àna Rẹ̀

Bí àlejò bá wọ Kàbà láti ọ̀nà Lọ́kọ́jà, tó béèrè ilé Kóòṣì lọ́wọ́ àwọn àgbà, ìbéèrè ni wọ́n máa fi dá a lóhùn: "Kóòṣì wo? Èyí tó kí àna rẹ̀ ni?" Bí àlejò bá ní òun ò mọ̀, wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á fà á jókòó, wọn á sọ ìtàn náà fún un kí wọ́n tó júwe ilé. Lọ́sẹ̀ tí à ń múra ìsìnkú rẹ̀, àwọn àlejò wa ń pẹ́ lọ́nà. A ti ń bínú sí awakọ̀, a ò mọ̀ pé ìtàn ló ń dá wọn dúró.

Bàbá tó bí ìyá mi ni Kóòṣì. Ilé rẹ̀ ni mo dàgbà sí. Ìwé tí a tẹ̀ fún ìsìnkú ti sọ ọjọ́ tí wọ́n rì í bọmi àti ilé ẹ̀kọ́ tó lọ, mi ò ní tún un sọ. Gólì ni nígbà èwe rẹ̀, òun ló ń ṣọ́ àwọ̀n fún ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Kàbà. Ó kúrò lẹ́nu àwọ̀n lójijì, ó di kóòṣì, kóòṣì ló sì jẹ́ títí ó fi dàgbà kùjọ́kùjọ́. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irú ọkùnrin tó wà nínú ọ̀rọ̀ kékeré yìí ni mo ṣì ń wá títí di òní, nítorí Bàbá kì í jẹ́ kí wọ́n mọ òun tán.

Ẹ wo bó ṣe máa ń dúró. Kì í dúró sí àárín yàrá. Ẹnu ọ̀nà ni, ẹsẹ̀ méjèèjì á yà díẹ̀, orúnkún á rọ̀, ọwọ́ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni pé nǹkan fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá. Kò sí ewúrẹ́ tó wọ ilé wa rí lójú rẹ̀. Bí ọmọdé bá ń sáré bọ̀, ó ti mọ apá ibi tó máa gbà kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ tó mọ̀, á sì gbé e sókè láìyẹsẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìjókòó tó kẹ́yìn ni tirẹ̀, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Fadá bi í nígbà kan ìdí tí kì í fi bọ́ síwájú láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Fadá, ẹni tó wà lẹ́yìn ló ń rí gbogbo èèyàn."

Bó ṣe ń kọ́ gólì tuntun, mi ò rí irú rẹ̀ níbòmíì. Kì í fún un ní bọ́ọ̀lù. Ìbẹ́pẹ ló ń jù sí i, èyí tó ti pọ́n dáadáa, tí ìka lè wọ̀. Bí ìbẹ́pẹ bá dúró lọ́wọ́ rẹ lódindi, o jẹ ẹ́. Bó bá fọ́ mọ́ ọ láyà, wàá fọ aṣọ rẹ, wàá padà wá lọ́la. Ìyé, ìyẹn ìyá ìyá mi, aya rẹ̀, kò rí ìbẹ́pẹ ilé rẹ̀ gbé dé ọjà Kàbà láyé yìí. Ó ní àwọn ará ilé mìíràn ń gbin ìbẹ́pẹ fún títà, òun ń gbin tòun fún gólì. Obìnrin kan wá bá Bàbá láti òkè ọ̀hún, ó ní kí ló ń ṣe ọmọ òun tó fi ń gbé kóró ìbẹ́pẹ délé nínú etí. Bàbá fún un ní àga. Ó ṣàlàyé fún un pé bí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀, ọwọ́ gbọ́dọ̀ fà sẹ́yìn díẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń gba ọmọ tuntun lọ́wọ́ agbẹ̀bí. Obìnrin náà ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n ta ló máa fọ etí? Bàbá ní òun máa fọ̀ ọ́. Nígbà tó lọ tán, ó kọjú sí mi: "Ọwọ́ tó bá le, nǹkan kì í dúró nínú rẹ̀."

Òfin kan ṣì wà tí kì í bá ẹnikẹ́ni ṣeré lé lórí. Bí gólì bá ti mú bọ́ọ̀lù, kò gbọdọ̀ gbé e sílẹ̀. Kó dì í mọ́ àyà, kó jù ú fún ẹnìkejì rẹ̀, tàbí kó gbá a láti ọwọ́. Ẹni tó bá fi kan ilẹ̀, ìdánrawò parí lọ́jọ́ náà fún gbogbo wọn. Àwọn ọmọ tó bá ti Ìyàrá tàbí Mákùtú wá a máa bi í léèrè ìdí rẹ̀. Àwọn ọmọ Kàbà kì í béèrè. Wọ́n á kàn wo ara wọn, wọ́n á fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ bo ẹnu sí nìyí.

Nígbà tí Bàbá wà lọ́dọ̀ọ́, ó ń fẹ́ ọmọbìnrin kan ní Òkè-Bùkún, nílẹ̀ Bùnú. Ó ti kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ kọ ebè lóko bàbá ọmọ náà gẹ́gẹ́ bí ọkọ ìyàwó ti í ṣe. Ó ti gbé iṣu lọ, ó ti gbé ẹmu lọ. Bàbá ọmọ jẹ iṣu, ó mu ẹmu, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní òun ń retí Tọ́máàsì, àkọ́bí òun, tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kùsà ní Jọ́ọ̀sì. Bí Tọ́máàsì bá dé, tó rí ọkùnrin náà, tí ojú rẹ̀ gbà á, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Tọ́máàsì dé. Àmọ́ kó tó di pé ẹnikẹ́ni mú òun àti Bàbá pàdé, ìdíje bọ́ọ̀lù dé láàárín Kàbà àti àwọn ará Bùnú, wọ́n sì fi Tọ́máàsì síwájú nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ le. Bàbá wà lẹ́nu àwọ̀n Kàbà. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń gbá a, ó ń wo àna rẹ̀ lókèèrè, kò sì tíì kí i. Bàbá ọmọ àti àwọn èèyàn rẹ̀ dúró sẹ́bàá òpó, wọ́n ń wò.

Kò sẹ́ni tó gbá a wọlé títí eré fi fẹ́ parí. Ìgbà yẹn ni rẹfirí fún Bùnú ní pẹ̀nárítì. Tọ́máàsì ló gbá a. Bàbá fò, ó mú un, ó dì í mọ́ àyà. Kàbà hó. Tọ́máàsì ti sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀lù bó bá bọ́ lọ́wọ́ gólì, bẹ́ẹ̀ ni òun àti Bàbá ṣe bá ara wọn lójúkojú, kò sí ju apá kan lọ láàárín wọn.

Lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ tí ọkùnrin bá kọ́kọ́ fojú kan ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, ilẹ̀ ló ń bá a. A kì í sì í fi ẹrù lọ́wọ́ dọ̀bálẹ̀ fún àna. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti sọ fún un pé ẹrù òun ṣe pàtàkì jù ú lọ. Bàbá gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó nà gbalaja, ó kí i ní ìkíni ilẹ̀ wa, "Òkun o, ẹ̀gbọ́n mi."

Tọ́máàsì wo ọkùnrin tó wà nílẹ̀. Ó wo bọ́ọ̀lù. Ó fi orí ìka ẹsẹ̀ tì í wọnú àwọ̀n.

Rẹfirí, tíṣà kan tó ń kọ́ ìṣirò, fun fèrè. Góòlù. Àwọn ará Kàbà ya bò ó, wọ́n ní ṣé kò rí i pé wọ́n ń kíra wọn ni? Ó ní òun rí i. Ó ní bọ́ọ̀lù kò kíra pẹ̀lú ẹnikẹ́ni, eré ṣì ń lọ. Báyìí ni Kàbà ṣe pàdánù, tí àwọn ọ̀dọ́ fi lé Bàbá dé ẹnu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀. Ní Òkè-Bùkún, kí iná oúnjẹ tó kú lọ́jọ́ náà, bàbá ọmọ ti sọ tirẹ̀: "Ẹni tó lè kí wa lójú ìlú rẹ̀, ẹ fún un lọ́mọ."

Wọ́n fún un ní ìyàwó, wọ́n gba àwọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹgbẹ́ tó tún fi í ṣe gólì ní Kàbà mọ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó gbà á láyè láti máa kó àwọn ọmọ kéékèèké jọ ní pápá ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́, nítorí kò sí ẹlòmíì tó fẹ́ ṣe é. Ibẹ̀ ni orúkọ Kóòṣì ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ náà dàgbà, wọ́n ń borí, ìlú sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn àgbà fún un kọ́. Nígbàkigbà tí wọ́n bá mẹ́nu ba ọjọ́ tó kí àna rẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ: àṣìṣe ni, òun rò pé eré ti parí, bọ́ọ̀lù yẹn kì í sì í ṣe góòlù. Wọ́n á bú u, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á fún un ní ẹmu.

Ṣùgbọ́n ẹnìkan wà nínú ilé tí ọ̀rọ̀ yìí kò pa lẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí Ìyé ti wọ Kàbà gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ni àwọn obìnrin ti fún un lórúkọ. Ìyàwó Àṣìṣe. Ìyá kan tó ń jẹ́ Ìyá Délé ló kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀ létí odò, àwọn tó ń bá a rẹ́rìn-ín sì pọ̀. Bí Ìyé bá fẹ́ ra nǹkan, wọ́n á ní kó ṣọ́ra kó má gbé e sílẹ̀ o, ẹlòmíì á gbé e. Ó ń dá wọn lóhùn, ahọ́n rẹ̀ mú ju tiwọn lọ. Àmọ́ lọ́jọ́ kan tí èmi àti rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà, mo bi í pé kí ló dé tí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù kì í dùn mọ́ ọn. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ, mo rò pé kò gbọ́. Ó wá ní, "Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n fẹ́ mi ni, àbí wọ́n ṣèèṣì fẹ́ mi."

Ó ti bi Bàbá. Ó sọ fún mi pé òun ti bi í nígbà tí òun lóyún ìyá mi, òun tún bi í nígbà tí àwọn kọ́lé. Àṣìṣe ni, ni Bàbá wí. Ìyàwó dára, bọ́ọ̀lù ni àṣìṣe. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ta ló máa tẹ́ lọ́rùn?

Tọ́máàsì ní tirẹ̀ kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kú. Ó fi Jọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó padà sílé wá dáko, kò sì sí ìkómọ tàbí ìgbéyàwó tí òun àti Bàbá pàdé tí wọn ò ní jiyàn. Góòlù ni. Kì í ṣe góòlù. Ìyé á bẹ̀ wọ́n pé kí ọ̀kan gbà fún ìkejì kí àlejò lè jẹun. Bàbá kì í bá a jà lẹ́nu nìkan o. Ṣé ẹ rántí pé àna rẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n sì ni, ó gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún un títí ayé. Ó ń dọ̀bálẹ̀. Àmọ́ láti ọjọ́ pẹ̀nárítì yẹn, ohunkóhun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní gbé e sílẹ̀ níwájú Tọ́máàsì. Mo fojú mi rí i tó dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú àkùkọ lábẹ́ apá, tí àkùkọ ń ké, tí ìyẹ́ ń fò. Àwọn àgbà Òkè-Bùkún ní irú ìkíni wo nìyí? Bàbá dáhùn láti ilẹ̀ níbi tó nà sí: "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

Nígbà tó di àgbàlagbà tí orúnkún kò gbà á mọ́ ní pápá, tẹlifíṣọ̀n di pápá rẹ̀. Bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Sípéènì ló fẹ́ràn jù. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ti ṣe gólì tẹ́lẹ̀, tó wá di kóòṣì, Bàbá sì ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ọmọ ìyá rẹ̀. Kò lè pe orúkọ rẹ̀. "Ẹgbẹ́ mi" ló ń pè é. Bí wọ́n bá lé e níṣẹ́ ní ẹgbẹ́ kan, inú Bàbá á bàjẹ́ títí di ọjọ́ kejì. Bí wọ́n bá gbà á níbòmíì, á ní kí Ìyé fi ẹran kún ọbẹ̀. Mo bi í ohun tó rí lára òyìnbó náà. Ó ní kí n wò ó dáadáa: àwọn kóòṣì yòókù ń wo ibi tí bọ́ọ̀lù wà, ọkùnrin yìí ń wo ibi tí bọ́ọ̀lù ò tíì dé. Ní ọ̀sán kan, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù jáde sí ẹ̀gbẹ́ pápá, ọkùnrin náà nawọ́ sí i pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, ó mú un, ó dì í mọ́ àyà, ó sì dì í mú fún ìgbà díẹ̀ kó tó dá a padà. Bàbá dìde dúró níwájú tẹlifíṣọ̀n. Ó pẹ́ kó tó jókòó. "Ẹ wò ó," ló wí, "ó dùn ún láti fi í sílẹ̀."

Ohùn tó fi sọ ọ́ ló mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Kí ló dé tí ọkùnrin tó ń wo ibi tí bọ́ọ̀lù ò tíì dé kò fi ní mọ̀ pé eré ń lọ, lórí pẹ̀nárítì, lójú gbogbo ìlú? Mo bi í lóko, ó ní oòrùn ló pọ̀. Mo bi í lọ́jọ́ Kérésì, ó ní ariwo ló pọ̀, òun rò pé fèrè ti dún. Fèrè wo? Rẹfirí kò tíì fun fèrè kankan nígbà náà, Tọ́máàsì fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Nígbà tí mo fi ìyẹn kò ó lójú, ó bojú wo ẹnu ọ̀nà bóyá Ìyé wà nítòsí. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, oò lè gbá bọ́ọ̀lù, àmọ́ o lè há èèyàn mọ́ igun."

Àìsàn mú un ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Nígbà tó hàn pé kò ní dìde mọ́, a ránṣẹ́ sí Òkè-Bùkún. Mo wà níbẹ̀ lọ́sàn-án tí Tọ́máàsì dé. Òun náà ti gbó, ọ̀pá ló fi ń rìn, ojú rẹ̀ kan kò ríran mọ́. Bàbá fẹ́ dìde kí i. Ìyé fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ padà sórí ibùsùn. Tọ́máàsì jókòó, kò gba omi tí a gbé fún un. Ó ní ọ̀rọ̀ kan ló gbé òun wá, kí òun sọ ọ́ kí òun tó gbàgbé.

"Bọ́ọ̀lù ọjọ́ yẹn," ló wí, "kì í ṣe góòlù. Mo rí i pé o ń kí mi. Ẹni tó ń kí èèyàn, a kì í jà á lólè. Ó ti pẹ́ tó ti wà lọ́rùn mi. Mo mú un wá fún ọ."

Ìyé di ẹ̀gbẹ́ àga mú. Ọjọ́ tó ti ń bẹ Ọlọ́run fún nìyí, pé kí ọ̀kan gbà fún ìkejì kí ikú tó yà wọ́n. Gbogbo wa ń retí kí Bàbá dúpẹ́.

Bàbá mi orí. Ó ní, "Góòlù ni."

"Mo ní kì í ṣe góòlù."

"Ẹ̀gbọ́n, góòlù ni. Mo mọ̀ pé eré ń lọ." Ó sinmi díẹ̀, èémí rẹ̀ ti kúrú. "Nígbà tí mo mú un tán, mo wo ojú yín. Mo wo bàbá yín lẹ́bàá òpó. Bí mo bá di bọ́ọ̀lù mú, ẹ máa mú ọmọ yín lọ sílé. Bí mo bá gbé e sílẹ̀, ó lè jẹ́ pé ẹ ò ní gbá a. Mo mọ̀ pé ẹ máa gbá a. Mo gbé e sílẹ̀."

Tọ́máàsì ní kí ló wá dé tó fi ń pè é ní àṣìṣe láti ìgbà yìí wá? Bàbá ní ìlú máa ń bú ẹni tó ṣe àṣìṣe, wọ́n á sì tún fún un lọ́mọ kọ́. Ẹni tó fi ìlú ra ìyàwó, ta ló máa fún un lọ́mọ kọ́? Òun fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Òun kò fẹ́ pàdánù méjèèjì.

Ìyé kò pariwo. Ó tẹ̀ sórí ibùsùn títí ojú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ti Bàbá.

"Ìgbà wo lo fẹ́ sọ fún mi?"

Bàbá wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín bí èémí rẹ̀ ti mọ. "Bí mo bá sọ fún ọ," ló wí, "ta ló máa di ẹnu rẹ mú níwájú ìlú?"

Ìyé gbá a lọ́wọ́. Ó jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn, ó fi etí ìró nu ojú, ó ní kí a gbé oúnjẹ wá fún ẹ̀gbọ́n òun. Tọ́máàsì ń jẹun, ó ń rojọ́ pé òun rìn láti Òkè-Bùkún wá dá nǹkan padà, ẹni tó ni ín kọ̀, kí ni òun ó wá fi í ṣe báyìí? Bàbá ní kó gbé e padà lọ, tirẹ̀ ni.

Kò pẹ́ sígbà náà tí Bàbá fi lọ. Àwọn gólì tó kọ́ ló gbé e, àwọn mìíràn nínú wọn ti ní ọmọ ọmọ. Wọ́n dì í mú dáadáa, wọ́n rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kò sì sí ẹni tó fi ìyẹn ṣẹ̀fẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo rí i lójú wọn pé ó ń wá sọ́kàn wọn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn obìnrin wọlé wá kí Ìyé lọ́kọ̀ọ̀kan níbi tó jókòó sí nínú yàrá. Ìyá Délé wà lára wọn, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló di apá rẹ̀ mú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ẹ kú ará fẹ́rakù, pé Ọlọ́run á tu Ìyé nínú. Ìyé gbé ọwọ́ sókè dá a dúró, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ fún un níjòókòó. Nígbà tí Ìyá Délé jókòó tán, tí gbogbo àwọn obìnrin kọjú sí wọn, Ìyé ní, "Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni."